OJÚ TÍ OLÙKỌ́ FI Ń WO AKẸ́KỌ̀Ọ́: ÌFOJÚSỌ́NÀ ÀTI ÀṢEYỌRÍ NÍNÚ ÈTÒ Ẹ̀KỌ́ WA

Ìfáárà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Wọ́n tún ní orúkọ a máa ro ọmọ. Bí a bá yẹ òwe méjèèjì yìí wò fínnífínní, a ó rí i pé Yorùbá ti mọ̀ tipẹ́tipẹ́ pé ohun tí àwùjọ bá ń retí lọ́wọ́ ọmọ kì í ṣe ohun kékeré nínú ayé ọmọ náà. Òbí tó sọ ọmọ rẹ̀ ní Dúrójayé tàbí Kòkúmọ́ kò ṣe àpèjúwe ọmọ. Ohun tí ó ń retí kí ọmọ ṣe ni ó ń sọ fún un. Ìyá tó ń fi oríkì Àyìnké tàbí Àjàní jí ọmọ rẹ̀ lówùúrọ̀ ń kọ́ ọ bí yóò ti máa wo ara rẹ̀ kí ó tó fi ẹsẹ̀ kan ìta. Ohun tí a fẹ́ tọ́ka sí nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé irú ìsọlórúkọ bẹ́ẹ̀ ń lọ lọ́wọ́ ní yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ lójoojúmọ́, pé olùkọ́ ni ó ń ṣe é, àti pé púpọ̀ nínú orúkọ tí à ń sọ àwọn ọmọ níbẹ̀ kì í ṣe Dúrójayé.

Ìfojúsọ́nà tí à ń sọ níhìn-ín ni ìgbàgbọ́ tí olùkọ́ ní nípa ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ kan lè ṣe tàbí ohun tí kò lè ṣe, kí akẹ́kọ̀ọ́ náà tó dán an wò. Kì í ṣe ìfẹ́ rere lásán. Olùkọ́ lè fẹ́ràn ọmọ kan dénú kí ó má sì retí ohunkóhun lọ́wọ́ rẹ̀. Èrò wa ni pé ìfojúsọ́nà yìí kì í dúró sínú ọkàn olùkọ́. Ó máa ń di ìṣe, ìṣe náà ṣeé rí, ó ṣeé kà, ó sì ṣeé yí padà. Níwọ̀n ìgbà tí ó bá ṣeé yí padà, a jẹ́ pé ó wà lára iṣẹ́ tí ó yẹ kí a máa kọ́ àwọn olùkọ́ lọ́la ní kọ́lẹ́ẹ̀jì wa.

Ohun tí àwọn onímọ̀ ti rí

Ní ọdún 1948, Robert Merton, onímọ̀ nípa àwùjọ ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ṣàlàyé pé irú àsọtẹ́lẹ̀ kan wà tí ó jẹ́ irọ́ nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ sọ ọ́, ṣùgbọ́n tí ó di òótọ́ nítorí pé àwọn ènìyàn gbà á gbọ́ tí wọ́n sì ń hùwà bí ẹni pé òótọ́ ni. Àpẹẹrẹ tó fi gbe ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́sẹ̀ ni ti báǹkì. Bí àhesọ bá gbòde pé owó ti tán ní báǹkì kan tí ohunkóhun kò ṣe, tí gbogbo oníbàárà sì sáré lọ gba owó wọn lọ́jọ́ kan náà, owó yóò tán ní báǹkì náà ní tòótọ́. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ àhesọ náà yóò wá máa fọwọ́ sọ̀yà pé, 'Mo ti sọ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀.'

Ogún ọdún lẹ́yìn èyí, ní 1968, Robert Rosenthal àti Lenore Jacobson gbé ìwé wọn, Pygmalion in the Classroom, jáde. Ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní South San Francisco, tí Jacobson jẹ́ ọ̀gá àgbà rẹ̀, ni wọ́n ti ṣe ìwádìí náà. Wọ́n ṣe ìdánwò ọpọlọ fún àwọn ọmọ, lẹ́yìn náà wọ́n fún àwọn olùkọ́ ní orúkọ àwọn ọmọ kan tí wọ́n sọ pé ìdánwò fi hàn pé wọn yóò ta yọ láàrin ọdún náà. Bí ìdá kan nínú márùn-ún àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ náà ni orúkọ wọn wà nínú àkọsílẹ̀ yìí. Àṣírí ibẹ̀ ni pé èsì ìdánwò kọ́ ni wọ́n fi yàn wọ́n. Ńṣe ni wọ́n kàn ṣà wọ́n bí ẹni tó ṣẹ́ gègé. Nígbà tí wọ́n tún ìdánwò náà ṣe lẹ́yìn ọdún kan, àwọn ọmọ tí a dárúkọ ní kíláàsì kìíní àti ìkejì ti tẹ̀ síwájú ju àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ lọ́nà tó hàn sójútáyé. Ní àwọn kíláàsì òkè, ìyàtọ̀ náà kò fi bẹ́ẹ̀ hàn.

Kò yẹ kí a gbé ìwádìí yìí lé orí ju bí ó ti yẹ lọ. Ní ọdún 1968 náà ni Robert Thorndike, tó jẹ́ ọ̀gá nínú ìmọ̀ ìdánwò, ti bu ẹnu àtẹ́ lu irú ìdánwò tí wọ́n lò, pé kò ṣeé gbọ́kàn lé fún àwọn ọmọ kéékèèké. Ní ọdún 2005, Lee Jussim àti Kent Harber yẹ iṣẹ́ ọdún márùndínlógójì lórí ọ̀rọ̀ yìí wò. Wọ́n ní òótọ́ ni pé ìfojúsọ́nà olùkọ́ ń nípa lórí akẹ́kọ̀ọ́, ṣùgbọ́n pé ipa náà kì í sábà pọ̀, àti pé lọ́pọ̀ ìgbà ohun tí olùkọ́ ń retí bá bí ọmọ ṣe rí mu. Àmọ́ wọ́n fi kún un pé ó ṣeé ṣe kí ipa náà lágbára gan-an lórí àwọn ọmọ tí àwùjọ ti ń fojú tín-ín-rín tẹ́lẹ̀. Gbólóhùn ìkẹyìn yìí ni ó kàn wá jù. Bí a bá ń wá àwọn ọmọ tí àwùjọ ti fojú tín-ín-rín kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ olùkọ́, a kò ní láti rìn jìnnà sí ilé wa.

Ọ̀nà tí ìfojúsọ́nà ń gbà ṣiṣẹ́

Báwo ni ohun tó wà lọ́kàn olùkọ́ ṣe ń dé inú ìwé akẹ́kọ̀ọ́? Rosenthal tọ́ka sí ọ̀nà mẹ́rin. Èkíní ni ojú àti ohùn: olùkọ́ a máa rẹ́rìn-ín sí ẹni tó ń retí ohun rere lọ́wọ́ rẹ̀, a sì máa bá a sọ̀rọ̀ tọ̀yàyàtọ̀yàyà. Èkejì ni iye ẹ̀kọ́ tí ó ń fún un: ẹ̀kọ́ tó le, tó sì jinlẹ̀, ni ó ń gbé ka iwájú ẹni tó gbà pé ó lè ṣe é. Ẹ̀kẹta ni àǹfààní láti fèsì: ẹni tí a gbà pé ó mọ̀ ni à ń pè, òun náà ni à ń dúró dè títí yóò fi rí ọ̀rọ̀ sọ. Ẹ̀kẹrin ni àtúnṣe: bí ẹni tí à ń fojú ire wò bá ṣì í, a ó ṣàlàyé ibi tó ti ṣì í fún un, bí ẹni tí a kò kà sí bá ṣì í, a ó ní, 'Jókòó', a ó sì pe ẹlòmíràn.

Ẹ jẹ́ kí a mú ti dídúró de ìdáhùn nìkan. Mary Budd Rowe, tó ṣe ìwádìí lórí ìkọ́ni ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní àwọn ọdún 1970, rí i pé bí olùkọ́ bá béèrè ìbéèrè, bí ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo ni ó sábà máa ń fi dúró kí ó tó pe ẹlòmíràn tàbí kí ó fi ẹnu ara rẹ̀ dáhùn. Nígbà tí àwọn olùkọ́ fi kọ́ra láti dúró fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta, ìdáhùn àwọn ọmọ gùn sí i, àwọn tí kì í sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, ohun tí àwọn olùkọ́ sì ń retí lọ́wọ́ àwọn ọmọ kan yí padà. Kò sí ìjọba tó gbọ́dọ̀ bu owó kalẹ̀ kí olùkọ́ tó lè ka ení, èjì, ẹ̀ta sínú.

Ibi tí a bá fi iyọ̀ sí ni í sómi sí. Ọmọ tí a ń bi ní ìbéèrè mẹ́wàá lóòjọ́ yóò ti dáhùn ìbéèrè tí kò lóǹkà kí ọdún tó yí po; ẹni tí a kò bi ní ẹyọ kan yóò ti kọ́ ohun tirẹ̀ náà, ìyẹn ni pé ọ̀rọ̀ inú kíláàsì kò kan òun. Nígbà tí ìyàtọ̀ bá wá hàn nínú ìdánwò, olùkọ́ yóò ní ojú òun ti ríran tẹ́lẹ̀.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí ní àyíká wa

Ẹni tó bá ti lọ ṣe àbẹ̀wò sí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa lẹ́nu ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́, yálà ní Ìkejì-Arákejì ni o, ní Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà tàbí ní Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà, yóò ti rí ohun tí à ń wí. Olùkọ́ tuntun ti múra sílẹ̀ dáadáa. Àkọsílẹ̀ ẹ̀kọ́ rẹ̀ pé, pátákó rẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ márùn-ún tàbí mẹ́fà tó wà ní ìjókòó iwájú ni ó ń bá ṣe gbogbo ẹ̀kọ́ náà. Bí a bá bi í léèrè ìdí rẹ̀, yóò ní olùkọ́ tó ni kíláàsì ti fi àwọn tó mọ̀wé hàn òun lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Yóò parí ìdánrawò rẹ̀ níbẹ̀, yóò sì lọ láìgbọ́ ohùn àwọn tó wà lẹ́yìn. Ìdájọ́ ẹlòmíràn ni ó jogún, kò sì yẹ̀ ẹ́ wò.

Àwọn tó wà lẹ́yìn wọ̀nyí ń kọ́? Lọ́pọ̀ ìgbà, ọmọ tó ń ti abúlé kòkó wá ni, tí ó ń pẹ́ dé nítorí pé ó ti kọ́kọ́ ponmi, tí ó sì ń pa ilé ẹ̀kọ́ jẹ nígbà tí wọ́n bá ń fọ́ kòkó. Ọmọ tí ẹnu rẹ̀ kò tíì dá ṣáṣá nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì ni. Ọmọ tí aṣọ rẹ̀ ti gbó ni. 'Olódo' ni orúkọ tí à ń pè é, a ó sì máa fi iṣẹ́ ọ̀kadà dẹ́rù bà á bí ẹni pé a ti rí ìparí ayé rẹ̀. Kò pẹ́ kò jìnnà, ọmọ náà a bẹ̀rẹ̀ sí í hu ìwà tó bá orúkọ náà mu: a máa pariwo, a máa sá kúrò ní kíláàsì, a máa fi eré rọ́pò ìwé. A ó wá ní ìwà burúkú ni kò jẹ́ kí ó mọ̀wé. A kì í sábà béèrè èwo ló ṣáájú, ìwà ni tàbí orúkọ.

Òwe kan wà tí àwa olùkọ́ fẹ́ràn láti máa fi gbe ara wa lẹ́yìn níbi ọ̀rọ̀ yìí: ẹni tí yóò jẹ́ àṣámú, kékeré ló ti í ṣẹnu ṣámúṣámú. Òwe náà dára, ṣùgbọ́n à ń lò ó bí ẹni pé gbogbo ọmọ tí kò bá ṣẹnu ṣámúṣámú ní kékeré ni a lè pa tì. Òwe kò sọ bẹ́ẹ̀. Ní Ìkejì-Arákejì yìí kan náà ni yunifásítì kan wà tí ìjọ C.A.C. dá sílẹ̀ ní ọdún 2006, tí wọ́n sì fi orúkọ Joseph Ayọ̀ Babalọlá sọ. Ọkùnrin náà kò ka ìwé kọjá ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kí ó tó lọ kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀dẹ, ẹ̀rọ tí a fi ń tẹ títì ni ó sì ń wà ní agbègbè yìí ní ọdún 1928. A kò sọ èyí láti gba ọmọ ẹnikẹ́ni níyànjú pé kí ó fi ìwé sílẹ̀. Ohun tí à ń sọ ni pé kò sí olùkọ́ kan tí ì bá ti ara ìwé àmì ọmọ náà mọ̀ pé orúkọ rẹ̀ yóò wà lẹ́nu ọ̀nà yunifásítì.

Àwọn baba ńlá wa ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ní ọ̀nà mìíràn tí wọ́n ń gbà kọ́ ọmọ. Àwọn òṣómàáló, tí wọ́n ń ta aṣọ láwìn kiri ìlú àti abúlé, a máa mú ọ̀dọ́mọkùnrin dání lọ sí àjò. Wọn kì í dúró kí ọmọ tó já fáfá kí wọ́n tó gbé iṣẹ́ lé e lọ́wọ́. Iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé e lọ́wọ́ ni ó ń sọ ọ́ di ẹni tó já fáfá. Ìgbọ́kànlé ni wọ́n fi ń kọ́ni. Ẹ̀mí yìí kan náà ni ó mú kí Ẹgbẹ́ Àtúnlùṣe dá Iléṣà Grammar School sílẹ̀ ní ọdún 1934, nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ gíga kò tíì wọ́pọ̀ nílẹ̀ wa. Wọ́n kọ́ ilé ẹ̀kọ́ fún àwọn ọmọ tí kò tíì fi ohunkóhun hàn.

Ẹ̀rí láti Mọ́dákẹ́kẹ́

Bí a bá fẹ́ rí ibi tí ìfojúsọ́nà gbogbo àwùjọ ti kùnà pátápátá, kò pọn dandan kí a lọ sí Amẹ́ríkà. Ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun tiwa níbí, ní oṣù kìíní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà kan ní ilé ẹ̀kọ́ St. Stephen's 'A', Mọ́dákẹ́kẹ́. Àjọ Ford Foundation ni ó fi owó ràn wọ́n lọ́wọ́. Wọ́n fi èdè Yorùbá kọ́ ìsọ̀rí àwọn ọmọ kan ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko, wọ́n sì ń kọ́ wọn ní èdè Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ kan lábẹ́ olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n kọ́ dáadáa. Ìsọ̀rí kejì lo Yorùbá fún ọdún mẹ́ta, lẹ́yìn èyí wọ́n yí sí èdè Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí àṣà ìgbà náà.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ń retí ni pé àwọn ọmọ ìsọ̀rí kìíní yóò rẹ̀yìn, pàápàá jù lọ nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ó rí. Àwọn ọmọ tó fi Yorùbá kọ́ ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà kò rẹ̀yìn nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ṣe dáadáa ju àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀kọ́ mìíràn. Fáfúnwá, Macauley àti Sokoya kó àbọ̀ iṣẹ́ náà jọ sínú ìwé Education in Mother Tongue, tó jáde ní ọdún 1989. Fáfúnwá fúnra rẹ̀ di mínísítà ètò ẹ̀kọ́ láti 1990 sí 1992.

Ẹ̀kọ́ méjì ni a rí kọ́ níbẹ̀. Àkọ́kọ́ ni pé àwọn ọmọ náà kò yàtọ̀ sí àwọn ọmọ tí à ń pè ní olódo lónìí: ọmọ ìlú ni wọ́n, kì í ṣe ọmọ ọ̀mọ̀wé tí a ṣà jọ. Nígbà tí a bá wọn sọ̀rọ̀ ní èdè tí wọ́n fi ń ronú, wọ́n rí ọ̀rọ̀ sọ, olùkọ́ wọn sì rí i pé wọ́n ní ọ̀rọ̀ láti sọ. Ọmọ tí à ń bi ní ìbéèrè ní èdè tí kò gbọ́ yóò dákẹ́, olùkọ́ yóò sì ka ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀ sí àìlọ́gbọ́n. Ẹ̀kọ́ kejì ni pé ìfojúsọ́nà nìkan kọ́ ló ṣe iṣẹ́ náà. Wọ́n kọ ìwé tuntun, wọ́n dá àwọn olùkọ́ lẹ́kọ̀ọ́, wọ́n sì wá olùkọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì tó dáńtọ́. Ìfojúsọ́nà tí kò ní ìpèsè nínú dà bí ẹni tó ń retí ìkórè lóko tí kò gbin nǹkan sí.

Ìpinnu ọdún 2025

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà pé kí a máa fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo ọdún mẹ́fà ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Inú àwa olùkọ́ Yorùbá dùn. Ọdún mẹ́ta péré lẹ́yìn rẹ̀, ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Dókítà Túnjí Àlàúsá, kéde ní Àbújá pé a ti wọ́gi lé ìlànà náà, pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni kí a máa fi kọ́ni láti ilé ẹ̀kọ́ jẹ́léósinmi títí dé yunifásítì. Ìdí tó sọ ni pé ibi tí wọ́n ti lo èdè abínibí lọ́pọ̀ ni àwọn ọmọ ti ń kùnà jù nínú ìdánwò WAEC, NECO àti JAMB.

A bọ̀wọ̀ fún ipò mínísítà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà yẹ fún àyẹ̀wò. Ọmọ tó ṣe ìdánwò WAEC ní ọdún 2025 ti wọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 2013. Nígbà tí ìlànà 2022 jáde, ó ti kúrò níbẹ̀. Nítorí náà ìlànà náà kò ì tíì kan ọmọ kankan tó ti jókòó ṣe ìdánwò WAEC. Bí ó bá sì jẹ́ ìlànà àtijọ́ ni à ń bá wí, tí ó ní kí a lo èdè abínibí ní ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́ nìkan, ẹni tó bá mọ ìlú wa mọ̀ pé púpọ̀ nínú àwọn ilé ẹ̀kọ́ aládàáni kò tẹ̀ lé e, wọ́n tún ń gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ọmọ tó bá sọ Yorùbá. A kò lè fi oògùn tí aláìsàn kò lò sùn pé òun ló pa á.

Ohun tó dun wá jù nínú ìpinnu yìí ni àṣẹ ìfojúsọ́nà tó wà nínú rẹ̀. Nígbà tí ìjọba bá sọ pé èdè ilé ọmọ ni ó ń fa ìkùnà, ó ti sọ fún olùkọ́ ohun tí yóò máa retí lọ́wọ́ ọmọ tó ń sọ Yorùbá dáadáa, ó sì ti sọ fún ọmọ náà ohun tí yóò máa retí lọ́wọ́ ara rẹ̀. Àsọtẹ́lẹ̀ Merton ni èyí. Bí a bá kọ́ ọmọ ní èdè tí kò gbọ́, tí ó sì kùnà, a ó ní a ti sọ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Àwa náà ńkọ́?

Kí a tó dá ìjọba lẹ́bi tán, ẹ jẹ́ kí a wo inú ilé tiwa. Àwa tí a wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́ mọ bí ìfojúsọ́nà tó rẹlẹ̀ ti ń dunni tó. Ní ọdún 2025, àmì 150 ni àjọ JAMB fi ṣe òpin ìsàlẹ̀ fún yunifásítì. 100 ni ó fi ṣe ti kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́. Ìtumọ̀ rẹ̀ létí àwọn èwe ni pé ẹni tí kò dára tó láti kọ́ iṣẹ́ mìíràn ni kí ó lọ kọ́ iṣẹ́ olùkọ́. Láàrin kọ́lẹ́ẹ̀jì fúnra rẹ̀, ẹ̀ka Yorùbá ni wọ́n tún máa ń ka sí ibi tí ẹni tí ó pàdánù ẹ̀ka mìíràn ń sá sí. Akẹ́kọ̀ọ́ wa ń gbọ́ èyí lẹ́nu àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, nígbà mìíràn ó ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn òbí rẹ̀. Bí àwa olùkọ́ rẹ̀ bá wá ń fún un ní iṣẹ́ àṣetiléwá tí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama lè ṣe, tí a ń gba àdàkọ lọ́wọ́ rẹ̀, tí a sì ń fi àmì kẹ́ ẹ kí ó ṣáà ti yege, a ti fọwọ́ sí ohun tí ayé ń sọ nípa rẹ̀. Àánú bẹ́ẹ̀ kì í ṣe oore.

Kò yẹ kí a gbàgbé ibi tí ẹ̀kọ́ Yorùbá ti wá. Nígbà kan, àwọn kan ń bi wá léèrè bí a ó ti ṣe fi Yorùbá sọ̀rọ̀ lórí gírámà àti fònẹ́tíìkì. Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé jẹ́ olóòtú rẹ̀ ní 1984, àti apá kejì tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládélé Awóbùlúyì bójú tó ní 1990, ni èsì. Lónìí, akẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́dún kìíní ń kọ 'fáwẹ̀lì', 'kọ́ńsónáǹtì' àti 'mófíìmù' láìronú pé ẹnì kan ti sọ rí pé kò ṣeé ṣe. Àwọn àgbà ìmọ̀ wọ̀nyí retí ohun ńlá lọ́wọ́ èdè yìí, wọ́n sì ṣe wàhálà tó yẹ kí ìrètí náà lè ṣẹ.

Àwọn àtakò tó ṣeé ṣe

Ẹnì kan lè sọ pé, 'Ẹ̀yin ń sọ ọ̀rọ̀ ìfojúsọ́nà nígbà tí ọmọ ọgọ́rin wà ní kíláàsì kan, tí òjò ń jò sí wọn lára.' Òótọ́ ni. Ẹlòmíràn lè rán wa létí pé láàrin ọdún 2015 sí 2018, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, títí kan olùkọ́, gba ìdajì owó oṣù fún ọ̀pọ̀ oṣù. Báwo ni ẹni tí ebi ń pa yóò ṣe máa retí ohun ńlá lọ́wọ́ ọmọ ọlọ́mọ? Èyí náà jẹ́ òótọ́. Kò sí iye ìfojúsọ́nà tí yóò rọ́pò àga, ìwé àti owó oṣù, ìjọba kankan kò sì gbọ́dọ̀ fi àpilẹ̀kọ yìí bojú láti má ṣe ojúṣe rẹ̀. Ìdáhùn wa ni pé nínú kíláàsì ọlọ́mọ ọgọ́rin náà, àwọn mẹ́fà kan ń gba gbogbo ìbéèrè, òjò kan náà ni ó sì ń pa wọ́n. Bí a ti ń jà fún ohun tí kò sí lọ́wọ́ wa, kí a má ṣe fi ohun tó wà lọ́wọ́ wa ṣòfò.

Àtakò kejì ni pé bí a bá ń retí ohun púpọ̀ lọ́wọ́ ọmọ tí agbára rẹ̀ kò tó o, a ó kàn dá a lágara ni. Àwa náà kò sọ pé gbogbo ìka dọ́gba. Ìfojúsọ́nà rere kì í ṣe irọ́. Olùkọ́ tó sọ fún ọmọ tí kò mọ ìwé kà pé, 'O dára gan-an', ti tàn án jẹ. Èyí tó sọ fún un pé, 'O kò tíì mọ̀ ọ́n kà, ṣùgbọ́n ìwọ yóò mọ̀ ọ́n. Jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí sílébù yìí', ti sọ òótọ́, ó sì ti fi iṣẹ́ tì í lẹ́yìn.

Àbá

Àbá mẹ́rin ni a ní. Àkọ́kọ́, kí ẹ̀ka wa fi àyè kan kún ìwé tí a fi ń fún akẹ́kọ̀ọ́ ní àmì lẹ́nu ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́: iye ọmọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ tí ó pè láti dáhùn nínú ẹ̀kọ́ kan. Alábẹ̀wò yóò ya àwòrán ìjókòó kíláàsì, yóò sì fi àmì sí ibi tí ìbéèrè kọ̀ọ̀kan bá bọ́ sí. Bí ẹ̀kọ́ bá parí, kí ó fi àwòrán náà han olùkọ́ tuntun. Àwòrán bẹ́ẹ̀ yóò kọ́ ọ ju ìwàásù wákàtí kan lọ.

Ìkejì, kí a fi dídúró fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta sínú ohun tí a ń fi dánra wò nínú ẹ̀kọ́ ìlànà ìkọ́ni, bí a ti ń fi pátákó kíkọ dánra wò.

Ìkẹta, kí olùkọ́ Yorùbá jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí yóò kọ̀ láti máa pe ọmọ ní olódo, tí yóò sì bá ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí owó ìtanràn tí wọ́n ń gbà nítorí èdè abínibí. Bí òfin bá tilẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ni kí a máa fi kọ́ni, kò sí òfin tó ní kí a máa dójú ti ọmọ nítorí èdè ìyá rẹ̀. Iṣẹ́ Yorùbá ṣì wà lórí àtẹ ìgbà ẹ̀kọ́. Ní àkókò yẹn, kí a fún ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀ ní àwọn ẹ̀kọ́ mìíràn ní àyè láti sọ̀rọ̀, kí a sì jẹ́ kí àwọn olùkọ́ yòókù gbọ́ ohun tó lè ṣe.

Ìkẹrin, kí àwa olùkọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì gbé òṣùwọ̀n tiwa sókè. Kí iṣẹ́ àpilẹ̀kọ àṣekágbá akẹ́kọ̀ọ́ N.C.E. jẹ́ ìwádìí gidi tí ó ṣe lóko, ní ọjà tàbí láàfin, kì í ṣe èyí tí ó dà kọ. Bí ó bá kọ́kọ́ kùnà, kí a dá a padà fún un pẹ̀lú àlàyé, kí ó tún un ṣe.

Àgbálọgbábọ̀

A ti gbìyànjú láti fi hàn pé ohun tí olùkọ́ ń retí lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ń hàn nínú ìṣe rẹ̀, pé ipa rẹ̀ lè wúwo lórí ọmọ tí àwùjọ ti fojú tín-ín-rín tẹ́lẹ̀, àti pé iṣẹ́ ọdún 1970 ní Mọ́dákẹ́kẹ́ fi hàn pé ọmọ tí a fi èdè rẹ̀ kọ́ dáadáa lè já ìrètí burúkú àwùjọ kulẹ̀. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Àgbà tó gbà pé ọmọdé kò gbọ́n kò ní béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì ní mọ ohun tí ó pàdánù. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa tí ẹ ń múra àtilọ fún ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́ ní sáà tó ń bọ̀, wọn yóò fi àwọn ọmọ tó mọ̀wé hàn yín lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, kí ẹ sì béèrè orúkọ àwọn yòókù.